Supra tó ní ẹ́ńjìnnì BMW, Supra ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ ní Kàbà níbí: pé Toyota Supra tuntun, ọkọ̀ asáré Toyota, kì í ṣe Supra, pé BMW ni, àmì Toyota ni wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn níwájú. Mo máa ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, mo máa ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò tó ń lọ sí Lọ́kọ́jà, ẹni tó ń sọ ọ́ á sì máa sọ ọ́ bí ẹni tó ká olè mọ́. Ó ń dùn mí, torí àwọn tó mọ ọkọ̀ dáadáa ló ń sọ ọ́, wọ́n sì ń fi fojú tín-ínrín iṣẹ́ ńlá.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ nìyí. Supra tó jáde ní 2019, ẹ́ńjìnnì B58 ti BMW ló wà nínú rẹ̀: lítà 3.0, sílíńdà mẹ́fà, ó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì, síárìn àti ẹsẹ̀ táyà mọ́, òun àti Z4, ọkọ̀ asáré BMW, ló jọ ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ Magna Steyr ní ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, ló tò wọ́n méjèèjì. Bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá rí àmì BMW lára àwọn páàtì kan. Toyota ò fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi lọ sọ́dọ̀ BMW? Láti 1978 tí Supra ti dé ayé ni sílíńdà mẹ́fà tó tò sórí ìlà kan ti jẹ́ àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un padà, Toyota ò ṣe irú ẹ́ńjìnnì epo pẹtiróòlù bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré mọ́. BMW ní tiwọn ṣì ń ṣe é. Nítorí kí Supra má bàa pàdánù ohun tó ń jẹ́ Supra ni wọ́n ṣe lọ yá a. Owó tún wà níbẹ̀: kí a ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a dán an wò títí yóò fi bá òfin èéfín gbogbo orílẹ̀-èdè mu, owó tabua ni, àwọn tó ń ra ọkọ̀ asáré kò sì pọ̀ tó láti dá a padà. Láìsí àjọlò yìí, ọkọ̀ náà ì bá má padà wá rárá.

Àwọn tó ń bú Supra tuntun máa ń fi 2JZ ti Supra àtijọ́ yangàn. Ẹ́ńjìnnì dáadáa ni. Àmọ́ 2JZ náà ò dá wà: èyí tí kò ní tọ́bò wà nínú Lexus GS300 àti IS300. Bí ẹ bá ní ọmọ ìyá kan náà ni Toyota àti Lexus, ẹ wo 2000GT, ọkọ̀ asáré tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1967. Yamaha tó ń ṣe ọ̀kadà ló bá wọn ṣe é. Àwọn àgbà wa tó gun Peugeot 504 náà ò jìnnà sí irú èyí: Peugeot, Renault àti Volvo ló jọ ṣe ẹ́ńjìnnì V6 tó wọ inú 504 onílẹ̀kùn méjì ní 1974, òun náà ló sì wà nínú Alpine A310 àti DeLorean lẹ́yìn náà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Sienna. Sienna tó ń gbé wa láti Kàbà lọ Abuja, tí wọ́n á ki èrò sí àárín àti ẹ̀yìn, tí iṣu á kún búùtù dé òrùlé: ti 2007 sí 2016, 2GR-FE ni ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn, lítà 3.5. Ẹ́ńjìnnì yìí náà ni Lotus, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ asáré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sínú Evora ní 2009. Wọn ò gbé e síwájú bíi ti Sienna. Ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà tiwọn darí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí ọkọ̀ tó fúyẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Iṣu kan náà la fi ń gún iyán tí a fi ń se àsáró. Kò sí ẹni tó jókòó sínú Evora tó máa rò pé Sienna lòun wọ̀.

Báyìí náà ni Supra àti Z4 ṣe rí. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹnu kò lórí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, oníkálukú lọ ṣe tirẹ̀. Tetsuya Tada ló ṣáájú àwọn ti Toyota. Z4 ní òrùlé tó ń ṣí. Ti Supra le gbagidi. Bí síárìn ṣe ń dáhùn, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe le tó, bí jíà ṣe ń yí, Toyota ló ṣètò ti Supra fúnra wọn.

Fiat gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. 124 Spider tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1966 padà wá ní 2016, Mazda ló sì tò ó ní Hiroshima, lórí ìsàlẹ̀ MX-5, ọkọ̀ asáré tiwọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, lítà 1.4 onítọ́bò, jẹ́ ti Fiat. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì ni ọkọ̀, ó di dandan kó gbà pé Fiat gidi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ló ń pè é ní Mazda. Ohun tí wọ́n ń bínú sí gan-an ni pé ilé-iṣẹ́ méjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀, èmi ò sì rí àléébù níbẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àjọlò yìí ti kan àpò ẹni. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa bá ra Supra yìí ní tòkunbọ̀, kó má gbé e fún mẹkáníìkì torí pé ó mọ Toyota nìkan. Ẹ̀rọ tó máa ka àṣìṣe inú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gbọ́ ti BMW. Gíláàsì iwájú Z4 kò lè wọ̀ ọ́, torí ara ọkọ̀ méjèèjì ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bó bá ń wá fílítà ọ́ìlì, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì BMW ni kó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ti Corolla.