Rover wà nítòsí, kí ló dé tí a ò lè máa wà á? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ètò iṣẹ́ òòjọ́

Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní Òṣogbo tó fẹ́ gbé rover kékeré (ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ nínú, irú èyí tí wọ́n ń rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn) lọ sí ìta ìlú, kí wọ́n sì lò ó bí ẹni pé orí pílánẹ́ẹ̀tì Màásì ló wà.

Rover ò ju kìlómítà mélòó kan lọ sí wa. Ṣé a ò lè mú rìmóòtù ká máa wà á ni?

Ẹ lè wà á, ṣùgbọ́n wíwa rìmóòtù nìkan lẹ máa mọ̀. Ìpinnu èèyàn ni irú ìdánwò yìí ń dán wò, kì í ṣe táyà: ṣé àwọn tí kò fojú rí ilẹ̀ náà lè fi ìwọ̀nba àwòrán yan iṣẹ́ tó yẹ fún ọ̀la?

Ìṣẹ́jú 3 sí 22 ni àmì rédíò ń lò láti ayé dé Màásì, ní àlọ nìkan. Bí táyà bá ń wọ kòtò, yóò ti wọ̀ ọ́ tán kí àwòrán rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín. Yàtọ̀ sí èyí, sàtẹ́láìtì tó ń yí Màásì ká, bíi Mars Reconnaissance Orbiter, ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú dátà rover nígbà tó bá ń kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ló sì ń kọjá lójúmọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń darí rover Màásì fi ń di àṣẹ odindi ọjọ́ kan pọ̀, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ lọ sí Ọjà-Ọba pẹ̀lú ìwé, tí kò ní fóònù: ohun tí ẹ ò bá kọ síbẹ̀, kò ní rà á.

Báwo la ṣe máa pín ara wa?

Ọ̀nà méjì. Èèyàn mẹ́ta ń bá rover lọ sí pápá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi àṣẹ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì dá a dúró bí ewu bá dé. Àwọn tó kù jókòó sí yàrá kan nínú ìlú, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rí. Kò sí ìpè, kò sí WhatsApp, àfi lórí ọ̀rọ̀ ààbò. GPS kò sí lórí Màásì, nítorí náà ẹ pa á. Àwọn tó wà ní pápá lè fi fóònù kọ ibi tó wà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi han ẹnikẹ́ni títí ìdánwò yóò fi parí.

Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni kó yan ibi tí ẹ máa lò. Òkúta àtijọ́ ló yí Òṣogbo ká, kuatásáìtì àti gínáìsì wà níbẹ̀, ẹni tó sì dàgbà sí àdúgbò náà lè fi ojú inú dárúkọ òkúta kó tó wo àwòrán. Igbó Ọ̀ṣun kọ́ ni ibi ìdánwò o. UNESCO ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005.

Aago mélòó la máa ṣe kí ni?

Rover ń ṣiṣẹ́ láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Aago 4:30 ni dátà dé yàrá. Ìlera ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò fún ìdajì wákàtí: bátìrì, ooru mọ́tò, àti bóyá ó parí iṣẹ́ àbí ó dúró lójú ọ̀nà. Ẹ lo wákàtí kan lórí àwòrán, wákàtí kan lórí yíyan iṣẹ́, kí ẹ tó kọ àṣẹ. Kí ẹlòmíràn ka àṣẹ kọ̀ọ̀kan sókè, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́. Aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ìwé àṣẹ dé pápá.

Ọjọ́ Màásì gùn ju tiwa lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ Màásì gidi máa ń sùn lọ́sàn-án nígbà mìíràn ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí rover bá gúnlẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ dán ìyẹn wò.

Ṣé ètò tí a to iṣẹ́ náà sí ṣe pàtàkì?

Òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọkọ̀ bá ti rìn, ẹ ò mọ ibi tó wà dáadáa mọ́. Táyà ń yọ̀ lórí iyanrìn: kọ̀ǹpútà ka ìyípo táyà, ó ní mítà 10, kò sì rìn ju 7 lọ. Ní àkókò òjò, ẹrẹ̀ pupa máa ń lẹ̀ mọ́ táyà, ìyípo rẹ̀ á tóbi sí i, ìṣirò á tún dàrú. Iyanrìn rírọ̀ yìí náà ló mú rover Spirit lórí Màásì ní 2009, kò sì jáde mọ́.

Nítorí náà, òkúta tí ẹ ti rí lánàá ni kí rover kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wò nítòsí, nígbà tí kò tíì kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ni kó rìn. Bó bá dúró, kó ya ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an àti apá ibi tí ẹ ń lọ lọ́la, kí ìwọ̀nyí sì kọ́kọ́ wálé. Ẹgbẹ́ tó bá gbàgbé àwòrán ìgbẹ̀yìn yìí ti pàdánù ọjọ́ kejì: wọn ò lè yan òkúta tí wọn ò rí. Kò sí àṣìṣe tó ń jẹ ọjọ́ tó èyí.

Ẹ fi òpin sí àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá dígírì 15, kó dúró, kó fagi lé ìrìn tó kù, ṣùgbọ́n kó ṣì ya àwòrán.

Báwo la ṣe máa mọ iye iṣẹ́ tó gba ọjọ́ kan?

Ẹ ṣírò iná àti dátà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní bátìrì jẹ́ fólítì 12, Ah (áńpì-wákàtí) 20: ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, Wh (wáàtì-wákàtí) 240 nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, Wh 168 ló kù. Kọ̀ǹpútà wáàtì 10 fún wákàtí 6 jẹ́ 60, ìrìn wáàtì 50 fún wákàtí 1 jẹ́ 50, kámẹ́rà wáàtì 8 fún wákàtí 2 jẹ́ 16, rédíò 6. Gbogbo rẹ̀ 132. Nínú 36 tó kù, ẹ tọ́jú 25 fún ìrìn tó bá pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wh 11 péré ni ẹ lè jà lé lórí. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì sóòlà; ẹ má ka agbára rẹ̀ kún.

Bí ẹ bá gba ara yín láyè MB 60 lójúmọ́, àwòrán fífẹ̀ 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ MB 1.5 ti gba 36, àwòrán ìtòsí 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ MB 3 gba 18. Ó ku 6, àkọsílẹ̀ ìlera ọkọ̀ sì máa mú nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwòrán kékeré wálé ṣáájú, kí ẹ tó béèrè ńlá.

Kí ni àwọn tó wà ní pápá fi máa ń ba ìdánwò jẹ́?

Ẹsẹ̀ wọn. Ipa bàtà máa ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó fún àwọn tó wà ní yàrá, ìrànlọ́wọ́ tí kò sí lórí Màásì. Ẹ̀yìn rover ni kí wọ́n máa rìn. Kí wọ́n sì máa lé ewúrẹ́ tó bá wá síbẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí?

Kí ẹgbẹ́ yàrá kọ ohun tí wọ́n gbà pé ó wà níbẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lọ wò ó. Lẹ́yìn náà kí onímọ̀ nípa òkúta rin ojú ọ̀nà rover pẹ̀lú òòlù. Bó bá rí ohun tí wọ́n fò, bóyá ìlà òkúta funfun tó ń jẹ́ kuọ́tì ní mítà méjì sí apá òsì, ẹ wá àwòrán tó yẹ kó ti fi hàn. Bí àwòrán náà bá wà, ojú ló fò ó. Bí kò bá sí, ẹ fẹ àwòrán ìgbẹ̀yìn ọjọ́ sí apá òsì sí i nínú ètò tó ń bọ̀.