Odò gbẹ, màlúù ń mu omi: ìbéèrè nípa ìgbé ayé ní Samburu

Ìbéèrè: Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa erin pàgọ́ sétí odò Ewaso Ng'iro ní àríwá Kẹ́ńyà, láàárín àwọn darandaran Samburu. Mo gbọ́ pé odò náà máa ń gbẹ. Kí ni èèyàn àti ẹran wá ń mu?

Ìdáhùn: Iyanrìn ni wọ́n ń gbẹ́. Bí omi ò bá ṣàn lókè mọ́, ó ṣì ń sá pamọ́ sábẹ́ iyanrìn, níbi tí oòrùn ò ti lè fà á. Bí ọ̀dá bá ṣe ń le ni kànga ń jìn, débi pé ọkùnrin bíi mélòó kan á tò sínú rẹ̀ lórí ara wọn: ẹni ìsàlẹ̀ á bu omi, á nà án sí ẹni tó wà lókè rẹ̀, títí á fi dé inú ọpọ́n tí màlúù ti ń mu. Orin ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀, màlúù wọn sì mọ̀ ọ́n. Agbo tó bá gbọ́ ti olówó rẹ̀ ló ń bọ̀ wá mu. Ẹni tó bá ti rí i tí agbo méjì dà pọ̀ á mọ̀ pé orin yìí kì í ṣe eré. Erin náà ń fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́jà gbẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé odò tó gbẹ lè ṣèèyàn ní jàǹbá?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni o. Orí òkè tó jìnnà ni omi rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà òjò tí ẹ ò rí rárá lè gbé e dé bá yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2010 ó ya wọ àgọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa erin yẹn, ìyẹn Save the Elephants, ẹgbẹ́ tí onímọ̀ nípa erin, Iain Douglas-Hamilton, dá sílẹ̀ ní 1993, ó sì gbá a lọ.

Ìbéèrè: Pẹ̀lú màlúù tó pọ̀ tó yẹn, ṣé ẹran ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Rárá. Wàrà ni. Ìdàjí làwọn obìnrin ń fún un, inú akèrègbè tí wọ́n ti fi ẹyin iná rọ́ nínú ni wọ́n ń dà á sí. Èéfín yẹn ló ń fún un lóòórùn. Nígbà míì wọ́n á ta ọfà kékeré sí iṣan ọrùn màlúù, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì dí ojú ọgbẹ́ náà. Ẹran náà ò ní kú. Ewúrẹ́ ni wọ́n sábà máa ń tà láti fi ra ìyẹ̀fun àgbàdo, tíì àti ṣúgà. Màlúù ni owó orí ìyàwó, òun náà ni ẹran ayẹyẹ. Ta ni yóò máa pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ lásán?