Ẹ Yé Da Oògùn Èbu Sínú Oúnjẹ Àgbagbà

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń wá sí yàrá iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń fi oúnjẹ inú ìgò hu ọmọ àgbagbà, ń rò: “Ẹ gbà mí, àgbagbà inú ìgò mi ò hù mọ́.” Tí mo bá ní kí ni wọ́n fi sí i, wọn á ní kò sí nǹkan o, àwọn kàn fi carbendazim, oògùn èbu, díẹ̀ sí i kó má baà hu èbu ni. Díẹ̀ wo? Ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n!

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń po oúnjẹ Murashige àti Skoog ti 1962, ìyẹn oúnjẹ tí à ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí nínú ìgò, n kò ní dá yín dúró síbẹ̀. Họ́mọ̀nù, èròjà tó ń darí bí ọ̀gbìn ṣe ń dàgbà, ni kẹ́ ẹ gbọ́. Cytokinin, irú bíi BAP, ló ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ ẹ̀hù púpọ̀. Auxin, irú bíi NAA, ló ń mú un ta gbòǹgbò. Láti 1957 ni àwọn onímọ̀ Skoog àti Miller ti fi hàn lára tábà pé bí ọ̀kan bá ṣe pọ̀ ju èkejì lọ ló ń pinnu èyí tí yóò jáde. Gibberellin ló wá ń na ẹ̀hù sókè.

Ẹ rò pé èbu nìkan ni oògùn èbu mọ̀. Irọ́ ni. Benomyl, oògùn èbu kan tó ń di carbendazim bó bá ti kan omi, máa ń ṣe bíi cytokinin lára ohun ọ̀gbìn. Ẹni tó bá dà á lé BAP ti fi họ́mọ̀nù kún họ́mọ̀nù láìmọ̀. Oògùn èbu ti ìran triazole, bíi propiconazole àti tebuconazole, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ara, tí èbu fi ń ṣe ọ̀rá ara rẹ̀ ni wọ́n ń dí, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ńsáìmù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbìn náà fi ń ṣe gibberellin. Ẹ̀hù á kúrú, ewé á ṣú, ẹ̀yin á ní ara rẹ̀ le. Kò le rárá, ó ti ràn ni! Paclobutrazol tí wọ́n fi ń sọ igi di ráńpé, ọmọ ìyá wọn ni. Ẹ wá tún bu BAP sí i kó lè hù, ó wá di kókó jọwọrọ tí kò ṣe é yà sọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀, omi funfun tó máa ń yí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká nínú ìgò, bakitéríà ni. Inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an ló ti wá, oògùn èbu ò sì ràn án. Ẹ se ìgò bẹ́ẹ̀ tòun tohun tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ da ohun inú rẹ̀ nù. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹ bó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ọkàn, ẹ fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, ẹ fi iná jó abẹ, kẹ́ ẹ sì panu mọ́ bẹ́ ẹ bá ń gé e. Ìyá kan ní ayé ló ń bá òun jà, ló bá ń ṣí ìdérí láràárọ̀ kó lè fi òróró adúrà kan ìgò kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni èbu ń gbà wọlé. Ẹ máa gbàdúrà yín níta, kí ìdérí wà ní pípadé.

Àwọn tó ń ta omi họ́mọ̀nù aláìlórúkọ lórí WhatsApp ló ń bí mi nínú jù. A fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n lọ ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, wọ́n sọ ara wọn di ọ̀gá. Àgbẹ̀ kan ra àgbagbà lọ́wọ́ irú wọn, èyí tí wọ́n ti gé ní àgétúngé sínú BAP tó pọ̀ lápọ̀jù. Owó tó yá ló fi gbìn ín. Nígbà tó so, kì í ṣe àgbagbà mọ́. Dípò ọmọ ńláńlá díẹ̀, ọmọ kéékèèké ló kún ara rẹ̀, òdòdó akọ tó yẹ kó ti kú dànù sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní French nìyẹn, inú ìgò ni àgbagbà ti sábà máa ń yí padà sí i. Àwọn ìyá ọlọ́jà dé oko, wọ́n wò ó, wọ́n padà lọ. Ọkùnrin náà ń san gbèsè di báyìí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti gé e, họ́mọ̀nù wo ló lò, mílígíráàmù mélòó nínú lítà kan. Bí kò bá lè ṣí ìwé tó kọ ọ́ sí hàn yín lójú ẹsẹ̀, ẹ kó owó yín padà sápò.