Bí oògùn kòkó ṣe ń wọ ara àgbẹ̀

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń dì mọ́ imú bí wọ́n bá fẹ́ fín oògùn apakòkòrò sí kòkó, nítorí òórùn ni wọ́n ń sá fún. Imú kọ́ ni oògùn ń bá wọlé jù lóko, awọ ara ni. Ìgbà tí wọ́n ń po oògùn gan-an ló sì léwu jù, torí èyí tó wà nínú ìgò kò tíì rí omi. Ẹ̀kán díẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ lè ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti là lọ.

Gbogbo awọ kọ́ ló ń gba oògùn bákan náà. Nígbà tí wọ́n fi parathion, oògùn apakòkòrò kan, dán an wò lára ènìyàn, iwájú orí gbà tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí apá gbà. Awọ kórópọ̀n gbà ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Páńpù ìfínoògùn tó ń jò sẹ́yìn, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ ìdí ṣòkòtò, kì í wá í ṣe ohun à ń fojú di. Òógùn ara pàápàá ń ṣínà fún oògùn.

Lindane ló wà nínú Gammalin 20 tí àwọn olóko kòkó fi pa kòkòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2015, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa non-Hodgkin lymphoma, jẹjẹrẹ tó sábà máa ń hàn bíi kókó lọ́rùn, lábíyá tàbí nítan. Inú ọ̀rá ara ni lindane ń sá pamọ́ sí. Ó ń dín agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ kù, sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ á sì ráyè bí sí i. Èyí lè gba ogún ọdún, ta ni yóò tún rántí páńpù? Glyphosate tó ń pa koríko, àti malathion pẹ̀lú diazinon tó ń pa kòkòrò, wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e: ó jọ pé wọ́n ń fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn kò tó ti lindane.

Láti 1993 ni àwọn olùṣèwádìí ti ń tọpa ìlera àwọn àgbẹ̀ àti aya wọn, bí 89,000, ní Iowa àti North Carolina, ní Amẹ́ríkà. Lápapọ̀, jẹjẹrẹ kò pọ̀ láàárín wọn tó ti àwọn ará ìlú yòókù, ó jọ pé torí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mu sìgá ni. Àmọ́ ti próstéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin kan nísàlẹ̀ àpòòtọ̀) àti oríṣi kan lára ti inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù láàárín wọn.

Oògùn kì í dúró sóko. Ó ń bá aṣọ iṣẹ́ wọlé, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á sì pín nínú rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù rẹ̀ tí wọ́n fọ̀ láti fi pọnmi ńkọ́? Òórùn lè lọ, kí oògùn ṣì wà níbẹ̀.