Ètò àdúgbò alálòpẹ́ ní Àbújá

Ètò àdúgbò alálòpẹ́ ni pípín ilẹ̀, lílà ọ̀nà àti kíkọ́ ilé fún odidi àdúgbò lọ́nà tí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò fi ní bàjẹ́ mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Ilé kan kì í dá dúró: àgbàrá tó ti inú ọgbà ẹnì kan jáde, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ló ń gbà kọjá.

Ìpìlẹ̀

Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni òfin dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ (FCT), níbi tí Àbújá wà, sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta tó para pọ̀ di International Planning Associates ló ya àwòrán ìlú náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1979. Kenzo Tange, ayàwòrán ilé ọmọ Japan, ló ṣe ti àárín ìlú. Ìjọba kó wá láti Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991. Fún ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó ṣe kókó nínú àwòrán yẹn ni pé ó fi etí odò sílẹ̀ ní gbangba kí omi lè ráyè.

Omi òjò

Òjò Àbújá ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì ń dáwọ́ dúró lóṣù Kẹwàá. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, erùpẹ̀ orí rẹ̀ kì í sì í nípọn níbi púpọ̀, nítorí náà omi kì í tètè wọlẹ̀. Bí onílé bá wá fi kóńkéré bo gbogbo ọgbà dé ẹsẹ̀ fẹ́ńsì, ìwọ̀nba tí ilẹ̀ ìbá mu náà á di àgbàrá. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ òjò ńlá ti tó láti rí i létí gọ́tà: omi pupa á gbá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ, ọ̀rá á dí abẹ́ afárá kékeré tí mọ́tò ń gbà wọlé, omi á sì ya sí títì.

Gọ́tà gbígbòòrò nìkan kò tó. Ó yẹ kí ọgbà kọ̀ọ̀kan fi erùpẹ̀ sílẹ̀ fún koríko àti igi. Gbígba omi òrùlé sínú táǹkì kì í sì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nínú agboolé àtijọ́, òrùlé a máa da omi sí àgbàlá àárín, wọ́n a sì gbé ìkòkò dè é. Akúrò, tí Haúsá ń pè ní fadama, kò yẹ fún ilé rárá, bó ti wù kí ilẹ̀ rẹ̀ pọ́ọ́kú tó. Ibẹ̀ ni odò ń na ẹsẹ̀ sí bó bá kún. Ẹ̀fọ́ àti ìrèké ló yẹ ẹ́.

Ooru

Ògiri tó kọjú sí ìlà àti ìwọ̀ oòrùn ló ń gbóná jù, nítorí náà ó sàn kí gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ọ̀nà ló sábà máa ń pinnu èyí, torí bí wọ́n bá ṣe là á ni wọ́n ń gé púlọ́ọ̀tì. Ní Kánò àti Zaria, ògiri tubali, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n sá gbẹ, nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í tètè wọlé.

Ìrìnnà

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ti Kubwa, Nyanya àti Lugbe wọ àárín ìlú lójoojúmọ́. Reluwé inú ìlú, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 45, ṣí ní oṣù Keje 2018.