Bí pọ́límà oníhò ṣe di ohun tó ṣeé so iṣẹ́ mọ́ lára

Ẹni tó bá bèèrè orírun pọ́límà oníhò, ìyẹn ike tí mólékù rẹ̀ gùn bí okùn tí ihò sì wà nínú rẹ̀, ìbéèrè méjì ló bi pọ̀. Ta ló dá ihò sí ike lára, ihò tó kéré débi pé mólékù díẹ̀ ló lè gba inú rẹ̀ kọjá? Ta ló sì kọ́ wa bí a ṣe ń so èròjà mìíràn mọ́ ike náà, kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí a bá rán an? Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì ti wá, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó pàdé. Ìsomọ́ ló ṣíwájú ihò.

Lọ́dún 1935, ní Teddington lẹ́bàá London, B. A. Adams àti E. L. Holmes fi hàn pé résìnnì, irú ike kan tí wọ́n fi kẹ́míkà phenol àti formaldehyde ṣe, lè gba èròjà iyọ̀ kan lọ́wọ́ omi, kí ó sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, Hermann Staudinger ní Jámánì ń yẹ polystyrene wò, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń ṣe páàkì funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi kẹ́míkà tí ń jẹ́ benzene, yíyọ́ ló máa yọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi kẹ́míkà tí ń jẹ́ divinylbenzene díẹ̀ sí i nígbà tí a ń ṣe é, okùn pọ́límà kan á di mọ́ èkejì, kò sì ní yọ́ mọ́. Wíwú nìkan ni yóò máa wú. Gaetano D'Alelio, tó ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ló mú ìmọ̀ méjèèjì papọ̀. Ó fi ásíìdì sulfúríìkì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò, sí polystyrene tó ti di mọ́ra náà, ásíìdì sì lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri. Wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ àṣẹ (patent) lórí rẹ̀ lọ́dún 1944. Títí dòní, irú polystyrene bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ní hóró kéékèèké, ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń sọ omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ di omi tí ọṣẹ ń hó.

Àbùkù hóró wọ̀nyí ni pé wọn kò ní ihò tiwọn. Bí wọ́n bá gbẹ, gbogbo àyè àárín okùn wọn á pa dé. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin, àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì wá ọgbọ́n kan dá: wọ́n po styrene, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe polystyrene, pọ̀ mọ́ omi kẹ́míkà tí kò ní bá a di ike. Bí ike ti gan tán, wọ́n fọ omi náà jáde, àyè tó fi sílẹ̀ sì di ihò.

Ibi tí Bruce Merrifield ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, ohun tó sì ń dà á láàmú ni bí a ṣe ń to ásíìdì àmínò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe purotéènì. Gbogbo ìgbésẹ̀ ló gba kí a ṣa ohun tí a fẹ́ kúrò láàárín ìdọ̀tí, èyí sì máa ń gba oṣù mélòó kan. Merrifield mú hóró polystyrene, ó so kábọ́ọ̀nù kan, háídírójìn méjì àti klórínì kan mọ́ ọn lára. Klórínì yẹn kì í janpata: bí èròjà mìíràn bá dé tó fẹ́ àyè náà, á gbéra fún un. Ásíìdì àmínò àkọ́kọ́ wá jókòó síbẹ̀, èkejì gùn ún, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, gbogbo ìdọ̀tí sì ń bá omi ìfọ̀ lọ nítorí hóró kì í yọ́. Lọ́dún 1963 ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde, òun nìkan ló kọ ọ́, ásíìdì àmínò mẹ́rin ló sì tò. Nígbà tó di 1969, òun àti Bernd Gutte to purotéènì tí ń jẹ́ ribonuclease, tó ní ásíìdì àmínò 124. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 1984. Lójú tèmi, ọjọ́ tí klórínì yẹn jókòó sára hóró ni pọ́límà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ tí a bá rán an, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́.

Ní Moscow, V. A. Davankov, S. V. Rogozhin àti M. P. Tsyurupa ronú gba ọ̀nà mìíràn, láàárín ìparí àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n jẹ́ kí polystyrene wú dáadáa kí okùn rẹ̀ lè ta kúrò lára ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n fi afárá kúkúrú dè wọ́n mọ́ ibi tí wọ́n dúró sí gan-an. Nígbà tí omi kẹ́míkà gbẹ, okùn fẹ́ wó pọ̀, kò rí ibi wó sí. Ojú ara, ìyẹn àpapọ̀ ìfẹ̀ ògiri gbogbo ihò náà, tó wà nínú gíráàmù kan kọjá 1,000 mítà onígun mẹ́rin. Ọ̀kan nínú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe afárá náà, chloromethyl methyl ether, burú púpọ̀: ó ti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fà á símú. Nítorí náà inú mi dùn sí iṣẹ́ tí Bien Tan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Wuhan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011. Kẹ́míkà dimethoxymethane àti FeCl₃, ìyẹn irin tó so mọ́ klórínì, ni wọ́n fi so benzene pọ̀. Bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ ti wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a lè fi phenol, tó jẹ́ benzene tó ti ní ọ́síjìn àti háídírójìn kan lára, dípò benzene.

Lẹ́yìn 2000, ihò di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Peter Budd àti Neil McKeown gbé PIM-1, pọ́límà tí okùn rẹ̀ le tó sì wọ́ débi pé kò lè to pọ̀ tán, jáde ní Manchester ní 2004. Omar Yaghi àti Adrien Côté gbé COF, pọ́límà oníhò tó tò létòlétò bíi kírísítálì, jáde ní Michigan ní 2005. Andrew Cooper gbé pọ́límà oníhò tirẹ̀ jáde ní Liverpool ní 2007. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Jilin ní Ṣáínà ṣe pọ́límà oníhò tí ń jẹ́ PAF-1: ojú ara tó tó 5,600 mítà onígun mẹ́rin ló wà nínú gíráàmù kan, bíi pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjìlá tó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100.

Ìgbà náà ni Hong-Cai Zhou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas A&M padà sí ọgbọ́n àtijọ́. Wọ́n mú PPN-6, pọ́límà oníhò tí ìtò rẹ̀ bá ti PAF-1 dọ́gba, wọ́n so kábọ́ọ̀nù kan, háídírójìn méjì àti klórínì kan mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí Merrifield ti ṣe, wọ́n sì jẹ́ kí amine, èròjà onínáítírójìn kan, gba àyè klórínì. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kí ó mú kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì nínú èéfín ilé iṣẹ́ mànàmáná, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2012. Amine gba púpọ̀ nínú ihò náà, ojú ara rẹ̀ sì dín kù gan-an. Síbẹ̀, níbi tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì kò ti pọ̀, bí ó ti rí nínú èéfín, ohun tó mú pọ̀ ju ti PPN-6 tí wọn kò so nǹkan kan mọ́ lọ fíìfíì.