Kí ni wọ́n ń pè ní cowpunk?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi Jim Reeves mọ kántírì: ohùn pẹ̀lẹ́, gìtá tí kò kánjú. Pọ́ńkì (punk) ní tirẹ̀, ariwo àti ìbínú ni, orin á sì ti parí kó o tó jókòó dáadáa. Cowpunk ni orúkọ tí wọ́n fún orin tó po méjèèjì pọ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ara cowboy, darandaran orí ẹṣin, ni wọ́n ti fa “cow” yọ.

Má rò pé wọ́n á kọ kántírì díẹ̀, kí wọ́n wá pariwo díẹ̀ o. Àdàlù ni, inú ìkòkò kan náà ni ẹ̀wà àti àgbàdo ti jinná. Ọwọ́ onílù ni àṣírí ọ̀rọ̀ wà. Tẹ́tí sí kántírì oníjó: ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ á dún gbì, ìlù kékeré á dá a lóhùn, pà. Gbì-pà, gbì-pà. Má fọwọ́ kan nǹkan míì, ṣáà mú un yá ní ìlọ́po méjì. O ti dé ilé pọ́ńkì nìyẹn.

Ẹgbẹ́ olórin Jason and the Scorchers ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Lọ́dún 1981, Jason Ringenberg, ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ láti Illinois, kó wá sí Nashville, ojúlé kántírì gan-an. Olórin kántírì ni òbí Warner Hodges tó ń ta gìtá fún un. “Jason and the Nashville Scorchers” ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ EMI tó ń gbé àwo wọn jáde ló ní kí wọ́n yọ “Nashville” kúrò. (Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni adùn orúkọ náà wà.)

Gbọ́ “Lost Highway” tí wọ́n ṣe lọ́dún 1985. Hank Williams, àgbà olórin kántírì, ti kọ ọ́ lórin lọ́dún 1949 bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tiwọn dà bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já, síbẹ̀ ohùn imú kántírì ò kúrò níbẹ̀.

Rédíò ló dà wọ́n láàmú. Àwọn oníkántírì ní ariwo wọn pọ̀ jù, àwọn onírọ́ọ̀kì ní ará oko ni wọ́n. Lẹ́yìn àwo wọn ti 1989, àìsàn àtọ̀gbẹ mú onílù wọn, Perry Baggs, ẹgbẹ́ sì tú ká. Wọ́n tún kóra jọ, wọ́n gbé àwo jáde lọ́dún 1995, Americana Music Association, ẹgbẹ́ tó ń gbé orin tó fìdí múlẹ̀ nínú kántírì àti orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà lárugẹ, sì dá wọn lọ́lá lọ́dún 2008. Baggs kú lọ́dún 2012. Ringenberg ní tirẹ̀ tún di Farmer Jason, tó ń kọrin ẹran ọ̀sìn fún àwọn ọmọdé.